Ohun Tó Bó Ẹ̀yìn Òkété

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti dúpẹ́ oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ tán yìí?

A ti dúpẹ́, ìyá àgbà!

Ó káre. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi gbéra gìjà, ó balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété. Oko àwọn ẹranko jìnnà. Òkété ló ń bá wọn kó oúnjẹ wá sínú ihò ẹ̀. Ẹni tébi bá ń pa á bèèrè, Òkété á wọlé lọ gbé oúnjẹ wá fún un. Ihò há, ó ha á lẹ́yìn títí ẹ̀yìn fi bó. Bí egbò yìí bá pa á, ebi dé nìyẹn. Òkété ń kọrin, ẹ gbè é:

Ta ló bó mi lẹ́yìn o?
*Wọ̀ọ́rọ̀wọ́!*
Mo wọlé, mo tún jáde.
*Wọ̀ọ́rọ̀wọ́!*

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Baba, ẹ gbé àgbàdo tá à ń bèèrè lójoojúmọ́ sẹ́nu ihò." Ó gbé e síbẹ̀. Egbò ò jinná. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má kó o wọlé mọ́." Ó gbà. Egbò ò jinná.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó tì í. Ehoro gba àgbàdo lẹ́nu ihò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba." Òkété bá bẹ́ wọlé gbùrù!

Bó ṣe jáde, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Kí lẹ tún lọ mú?"

"N ò mú nǹkan kan. Mo lọ fi èékánná fa ìlà sára ògiri ni, kí n má baà gbàgbé ẹni tó dúpẹ́."

"Gbogbo ọpẹ́?"

"Gbogbo ẹ̀! Ó máa ń dùn mọ́ mi."

"Ẹ ti padà wo àwọn ìlà yẹn rí?"

"Ó tì o."

Gbogbo ẹranko tó wá gba oúnjẹ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé òrí wá, wọ́n ń fi pa á lẹ́yìn, wọ́n ń dúpẹ́ sí i létí, wọ́n ní kó má wọlé lọ fa ìlà mọ́.

Ehoro ní, "Baba, ta ló wá bó yín lẹ́yìn?"

Òkété ní, "Èmi Òkété ni."