Olùṣọ́ Kò Jẹ́

“Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi rèé o!”
“Ààlọ̀! Kó máa bọ̀!”

Ààlọ́ mi rìn gbéregbère, ó dúró lọ́dọ̀ Ẹtu, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Nígbà ọ̀dá, ìsun omi kan ṣoṣo ló kù nínú igbó. Àwọn ẹranko fi Ìkookò ṣe olùṣọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní ó ní, “Èmi olùṣọ́ kí yín.” Lọ́jọ́ kejì ó ní, “Ẹ máa pè mí ní alákòóso.”

Ara fu Ẹtu. “Bàbá, ṣé ọ̀kan náà ni olùṣọ́ àti alákòóso?”

“Ọ̀rọ̀ lásán ni, ìyá ọlọ́mọ.”

Lọ́jọ́ kẹta ó ní, “Èmi olómi ní kí ẹ padà sílé.”

Òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ Ẹtu. Ó kó gbogbo ẹranko jọ, ó dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

“Olùṣọ́ o, dá wa lóhùn.”
“Àwa la ní kí o ṣọ́ omi.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é. Ìkookò kò jẹ́. Orúkọ náà ti kéré lójú rẹ̀.

Ẹtu ní, “Olùṣọ́ wa kò sí níbí mọ́. Ta wá ni eléyìí?”

Wọ́n rọ́ lù ú, ó sá lọ pátápátá. Wọ́n fi Ìgalà rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Ẹtu mu omi tán, ìyá wọn yíjú sí Ìgalà.

“Kí la ń pè ọ́?”

“Olùṣọ́ ni, ìyá.”

“Ó dára. Mo ń bọ̀ wá tún bi ọ́ lọ́la.”

Ibẹ̀ ni mo bá a dé.