Ejò Tí Látinwọ́ Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Àká

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Gbogbo wa la ń pa á lówe. Ṣùgbọ́n ta ni àgbàlagbà náà, inú ẹ̀gún ta ló sì sáré gbà? Bí màmá àgbà ṣe sọ ọ́ nìyí, níbi tí a ti ń bó ẹ̀gúsí.

Alágbàṣe kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́dínà. Ó ti hewú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iṣu í dì mọ́ igi àká bíi tirẹ̀. Látinwọ́, àgbẹ̀ ńlá kan, ló gbà á síṣẹ́ lọ́dún náà. Òfin ìlú wọn le. Alágbàṣe tó bá fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí iṣu tó wọ àká tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é síṣẹ́ mọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olóko ló lé e, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀, olóko yóò sì fún un ní iṣu tí yóò máa jẹ títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn.

Látinwọ́ kó imọ̀ ọ̀pẹ jọ gègèrè sẹ́nu ọ̀nà àká, ó ní òun yóò fi bolé. Kò pẹ́ tí ejò sèbé kan fi sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Ọdẹ́dínà lọ sọ ti ejò náà fún Látinwọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kó imọ̀ náà kúrò, ó kọ̀. Ọdẹ́dínà ní kó jẹ́ kí òun la ọ̀nà mìíràn sẹ́yìn àká. Látinwọ́ tún kọ̀, ó ní olè yóò ráyè wọlé. Nígbà tí bàbá tún padà lọ, Látinwọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ejò náà ló ní iṣẹ́ ti sú yín, àbí ẹ̀yin lẹ rán an?"

Ọdẹ́dínà padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti gbé iṣu mọ́ra, sèbé yọ, ó dúró sójú ọ̀nà, ó fẹ orí. Ẹ̀gún ni wọ́n fi ṣọgbà yí àká ká. Bàbá sọ iṣu nù, ó la inú ẹ̀gún náà já, ó gba àárín ìlú kọjá tòun ti aṣọ yíya, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn èwe fi í rẹ́rìn-ín. Kò padà sóko mọ́.

Ni Látinwọ́ bá pè é lẹ́jọ́ níwájú baálẹ̀. "Ẹ bi í léèrè, Baálẹ̀. Ǹjẹ́ mo ní kó máa lọ rí?"

Ọdẹ́dínà ní rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ó ti fẹnu ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́.

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́dínà ni baálẹ̀ ń wò ní tirẹ̀. Ó ní, "Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Èwo ni tìrẹ, Ọdẹ́dínà?"

"Èmi ò lé ejò o, Baálẹ̀."

Látinwọ́ já lu ọ̀rọ̀ náà pé imọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, kò sí ejò kankan. Baálẹ̀ ní ó dára, kó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ kó imọ̀ náà wá kí gbogbo ìlú rí i. Látinwọ́ dìde. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Ó wo ọ̀nà oko, ó wolẹ̀, ó sì rọra padà jókòó. Ẹ̀rín pa gbogbo èrò.

"Òótọ́ ni, o ò ní kó máa lọ," ni baálẹ̀ wí. "Ejò tí o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tí o sì fi sílẹ̀, òun ló bá ọ sọ ọ́."

Ó dájọ́ pé Látinwọ́ ló lé e, kó lọ gbé iṣu fún un. Ọdẹ́dínà jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa yọ ẹ̀gún tó kù níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, olóko mìíràn ti ránṣẹ́ pè é.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí ẹni tó lórí pípé bá ṣàdédé fi iṣẹ́ tàbí ilé sílẹ̀, tí ayé sì ń yára bá a wí. Wọ́n ń sọ fún wa pé ká má tíì dá a lẹ́bi, ká kọ́kọ́ wádìí ohun tó lé e jáde.