Ọ̀kẹ́rẹ́ Kó Ìdọ̀tí Padà fún Túùkú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gorí igi, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nílé ìwé inú igbó.

Túùkú olóyè ń da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sódò. Àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ mu omi náà nísàlẹ̀ odò, inú rírun sì dá wọn dùbúlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ bá kó ìdọ̀tí náà padà sẹ́nu ọ̀nà Túùkú.

Túùkú ní, "Orí igi lò ń gbé. Kí ló kàn ọ́ nínú omi Ọ̀pọ̀lọ́?"

"Bàbá, èmi àti ọmọ wọn la jọ ń jókòó ní kíláàsì."

Lọ́jọ́ kejì, Túùkú tún da ìdọ̀tí sódò, Ọ̀kẹ́rẹ́ tún kó o padà. Túùkú fi eyín gé e nírù. Ó dùn ún, ẹ̀yin ọmọ mi, ó sunkún délé.

Lọ́jọ́ kẹta, Túùkú tún da ìdọ̀tí sódò. Ọ̀kẹ́rẹ́ kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Túùkú, mo kó o dé,
*Odò kì í ṣe ààtàn.*
Ẹ gé mi nírù, mo kó o dé,
*Odò kì í ṣe ààtàn.*

Ìgalà gbọ́, Òkété gbọ́, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìdọ̀tí dí ẹnu ọ̀nà mọ́ Túùkú nínú ilé.

Ó ní, "Ẹ la ọ̀nà fún mi, n ò dà á sódò mọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀yin lẹ dà á, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa kó o."

Túùkú olóyè fi imú tì í jáde, ó wa kòtò, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró wò ó títí ó fi tán.

Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ erìgì.