Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Pín

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni. Ó ní ìyàwó méjì, ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ méjì fún un. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan kọ́bọ́ọ̀dù gàgàrà tó ní dígí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé gba ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé ó wó ògiri, òun kan tirẹ̀ ní àpótí-àpótí. Ó kọ́kọ́ fi igi ìrókò ṣe ẹsẹ̀ kan tó fẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, nítorí ikán kì í bá ìrókò ṣeré. Ó fi pákó àfárá kan àpótí kan lé e, ó sì fi ọmọrí dé e. Bí wọ́n bá ti bímọ, yóò kan àpótí mìíràn, yóò gbé e lé ti ìṣáájú, yóò sì dá ọmọrí padà sókè. Kò lo ìṣó. Eyín igi ló gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan, ihò ló lu sórí èyí tó gbé e, wọn a sì wọ inú ara wọn ṣinṣin. Àpótí kankan kò ní ìdérí tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ èyí tó wà lókè ló ń bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé kọ́bọ́ọ̀dù nìyí àbí ilé adìyẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ba àpótí kan jẹ́, ẹyọ kan yẹn ló pààrọ̀. Nígbà tó kúrò nínú ilé tó háyà lọ sílé ara rẹ̀, àwọn obìnrin ilé ló rù ú lọ ní kọ̀ọ̀kan, kò sí igun kan tó họ. Kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di igi ìdáná tipẹ́, tirẹ̀ ṣì ń dán.

Bàbá kú, ọjọ́ pípín ogún sì pé. Àwọn àpótí kò fa ìjà, oníkálukú ti mọ tirẹ̀ láti kékeré. Ẹsẹ̀ àti ọmọrí ló dá wàhálà sílẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n pín in ní ìdí-igi, bí ìyá ṣe bí wọn: ẹsẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyàwó àgbà, ọmọrí bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyàwó kékeré. Dáwódù gbé ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ bi àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ léèrè. Ó ní, "Ta ló ń gbé ilé ró, bí kì í bá ṣe dáwódù?" Ìbídùn, àgbà nínú àwọn ọmọ ìyàwó kékeré, gbé ọmọrí, kò sì wẹ̀yìn. Dáwódù gbé àpótí rẹ̀ kan ṣoṣo lé ẹsẹ̀ náà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó wá rí bí ọmọdé tó jókòó sórí àga ọba.

Tẹ́lẹ̀, bí ọdún bá dé, pálọ̀ yẹn ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Lọ́tẹ̀ yìí, ọdún dé, dáwódù jókòó, kò rẹ́ni kí i. Ìyàwó rẹ̀ gúnyán, iyán tutù. Ó dùn ún ju bó ṣe lè sọ lọ. Dáwódù ta ni ẹni tí kò ní àbúrò lẹ́yìn?

Nígbà tí ọdún mìíràn kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kí òun yọ agbádá sányán bàbá rẹ̀ nínú àpótí. Àpótí tí kò ní ọmọrí! Eku ti fi ọrùn agbádá tẹ́ ibùsùn, aláǹgbá ti yàgbẹ́ sí èyí tó kù. Inú bí i, ó di ilé Ìbídùn. Ọmọrí ló fẹ́ lọ gbà, bó tilẹ̀ di ìjà.

Ó bá Ìbídùn níbi tó jókòó sí, ó tẹ́ ìró ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sórí itan. Ilẹ̀ ni àpótí tirẹ̀ wà. Ọmọrí dé e gbágbágbá, ṣùgbọ́n ikán ti gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó ti dá ìró náà lu bí ajere.

"Ọmọrí lẹ bá wá, Bọ̀ọ̀dá?" Ìbídùn béèrè, kò gbójú sókè. "Ẹ gbé e. Kò sí ohun tó ń bò mọ́."

Dáwódù wo ìró náà. Ojú tì í. Ó rí i pé wọ́n ti pín, wọ́n ti jà, eku àti ikán ló wá jogún bàbá wọn.

Ó fi ọmọrí sílẹ̀, ó yí padà lọ sílé. Ìbídùn rò pé ìbínú ló gbé e lọ. Kò pẹ́, ariwo sọ ládùúgbò. Dáwódù, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, ló ń bọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ru ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè bí ti ewúrẹ́ tó kú.

"Háà, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ sọ̀ ọ́! Ṣé kò sẹ́ni tí ẹ lè rán ni?"

"Èmi ni mo gbé e lọ," ni dáwódù wí. "Èmi náà ni kí n gbé e bọ̀."

Ẹ̀rín pa Ìbídùn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ni àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe nígbà tí àpótí ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn wọn, tó jogún iṣẹ́ bàbá, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìsàlẹ̀ nìkan ni ikán jẹ. Ó yọ ọ́, ó fi tuntun sí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò dáwódù, ẹni tó ti sọ àpótí tirẹ̀ di ilé adìyẹ ní tòótọ́. Ó fọ̀ ọ́ títí, òórùn adìyẹ kò tán pátá. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà sí pálọ̀ bàbá, eyín sì wọ ihò bí ìgbà tí bàbá wà láyé. Ìró tó ti lu kò padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún dé, iyán kò ráyè tutù.

Ìwọ tí mo ń sọ ọ́ fún, dáwódù nìwọ náà. O ní kí n wá bá ọ jẹ́rìí lọ́la pé ìwọ lo ni ilé bàbá yín, kí àwọn yòókù wá ibi gbà. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, mi ò jiyàn. Ẹ̀tọ́ ọkùnrin yẹn náà ni ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yín fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tò yín léra, ó fi kálukú yín ṣe ààbò ẹnìkejì. Má fi ọ̀sán kan tú u. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ọ́ ṣe, ọmọ mi, ẹsẹ̀ kì í sì í ru ara rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ tí o ní kí wọ́n dúró síta yẹn, dìde, lọ pè wọ́n wọlé.