Alùpùpù Ọ̀gá Adégoróyè

Ọ̀gá Adégoróyè ń ṣiyèméjì bóyá kí òun ra alùpùpù àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń díje lórí àpáta, tó ti dípẹtà nínú ilé ewúrẹ́ ìyá àgbà kan lẹ́sẹ̀ òkè.

Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ rà á, ọ̀gá. A ó bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ká jọ máa gùn ún."

Ó gbà. Bó ti rà á tán, ó yíhùn padà. "Alùpùpù ta lẹ̀yin ọ̀lẹ fẹ́ gùn?" Kò tilẹ̀ ra ọtí tí wọ́n fi ń wẹ alùpùpù téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún wọn.

Alùpùpù náà kò ṣiṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà lórí òkè. Òun nìkan ló tì í dé ìdajì òkè kó tó kígbe, "Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí tiyín ni!"

Ìyá àgbà ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá tìrẹ tiẹ̀ ní táyà. Máa tì í lọ."