Ahá Àwẹ̀ró àti Ìkòkò Tí Kò Kún

Obìnrin mẹ́ta ló ń fún epo pọ̀ létí odò ní Ìgbópò kí Àwẹ̀ró tó dé: Àsàbí tó jẹ́ àgbà wọn, Àyọ̀ká, àti Àríkẹ́ ẹlẹ́nu mímú. Opó ni Àwẹ̀ró. Ahá kan péré, igbá kékeré tí a fi ń bu nǹkan, ló gbé wọ̀lú. Àwọn ará ọkọ rẹ̀ ti kó ìyókù, ojú ò tì wọ́n. Àsàbí ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ní, "Sún mọ́bí, àbúrò mi, ẹyìn pọ̀." Àwẹ̀ró ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí tó fi kú.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí Ṣówándé, ìránṣẹ́ Báálẹ̀, fi ń jẹun. Igbá tirẹ̀ ni obìnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi da epo sínú àwọn ìkòkò ọgbọọgba, ọ̀kan á kún kí ìyókù tó bọ́ sí èkejì. Igbá tí kò kún ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò, wọn kì í sì í bù ú padà. Bí oòrùn bá wọ̀, àwọn obìnrin ló ni ìkòkò tó kún. Ìkẹyìn tí kò bá kún, Ṣówándé á gbé e lọ. Ọ̀lẹ! Kò ru ẹyìn, kò gún un, ojoojúmọ́ ló ń jẹ epo elépo.

Nígbà tí àwọn obìnrin náà ń kùn, Ṣówándé yí ẹ̀bi mọ́ àlejò lórí. "Ahá yẹn ló ń ba epo yín jẹ́. Ẹ lé e, ìkòkò yín á máa kún."

Àríkẹ́ wo Àwẹ̀ró tìfuratìfura. Ṣùgbọ́n Àsàbí fèsì pé, "Ṣówándé, kí ahá yìí tó dé ńkọ́, ta ló ń gbé ìkòkò tí kò kún lọ? Àwẹ̀ró ò lọ ibì kankan."

Omi lé sójú Àwẹ̀ró. Ó pinnu pé epo ẹni tó fún òun láyè kò ní ṣòfò mọ́. Ó fi ahá rẹ̀ wọn ohun gbogbo. Ahá méje ló ń kún ìkòkò kan. Igbá Àríkẹ́ gba ahá méjì, ti Àyọ̀ká gba mẹ́ta, ti Àsàbí gba márùn-ún.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Igbá kan tí ẹ̀gbọ́n Àríkẹ́ bá dà, màá da ahá márùn-ún tẹ̀ lé e. Ti ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ká, mẹ́rin. Ti ìyá wa Àsàbí, méjì. Ibi tí ahá tèmi bá ti pé méje, odidi ìkòkò nìyẹn, mi ò ní dà á rárá. Iye igbá yòówù kó jẹ́, kò ní í ṣẹ́kù."

Lọ́jọ́ náà, ìkòkò ìkẹyìn kún dẹ́nu. Ọwọ́ òfo ni Ṣówándé mú relé.

Àwẹ̀ró ò ní ààrò tirẹ̀. Láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé òkúta kan wá, ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó kọ́ wọn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kaná. Òórùn rẹ̀ ló fa Ṣówándé wá, òun náà gbé òkúta dání.

"Ọ̀nà mẹ́ta péré? Mo ti rí ẹ̀kẹrin! Igbá Àríkẹ́ kan, igbá Àsàbí kan, ìkòkò kún láìsí ahá. Ẹ fi òkúta tèmi kún un, kí n jẹ nínú ọbẹ̀."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọmọ ọ̀nà méjì tí mo ti sọ nìyẹn. Ahá márùn-ún ti Àríkẹ́, méjì ti Àsàbí: méje rèé, tí mi ò ní dà. Kí ni tuntun níbẹ̀?"

Ṣówándé ò gbọ́. Ó ki òkúta rẹ̀ bọ abẹ́ ìkòkò. Ìkòkò mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ọbẹ̀ sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ó ti gba ìpín tirẹ̀ o!" Àríkẹ́ kígbe. "Ẹsẹ̀ ló fi jẹ ẹ́!"

Àwẹ̀ró fa òkúta kẹrin yọ. Ìkòkò jókòó jẹ́jẹ́, kò mì mọ́. Ó kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ fún Àsàbí lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé tí ẹ ò lé mi."

Àtìgbà yẹn ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.