Nọ́ńbà Abẹ́ Kàlẹ́ńdà

Tíṣà Odùbánjọ fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tó dá a lójú tó nọ́ńbà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí Gbénró, ọmọ rẹ̀, fẹ́ sọ ọmọbìnrin tuntun lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀n, fóònù Tíṣà kọ̀, kò mú wáífáì inú ilé mọ́. Orí fóònù yìí ló sì ti fẹ́ pe orúkọ ní agogo mẹ́wàá. Bí kò bá yọjú, baba ìyàwó Gbénró tó ti wọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ ni yóò ṣáájú pe tirẹ̀.

Tíṣà pa fóònù, ó tún un tàn. Ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Pàbó. Ó pe Ṣẹ̀yẹ, ẹni tó bá wọn gbé ẹ̀rọ wáífáì sílé.

“Bàbá, ẹ ní kí fóònù gbàgbé wáífáì yẹn ná.”

“Ó ti gbàgbé láti àárọ̀, o tún ní kí n ní kó gbàgbé?”

“Ẹ tẹ ‘Gbàgbé’, sà. Tó bá béèrè nọ́ńbà, ara ògiri pálọ̀ ni mo kọ ọ́ sí.”

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀: 123456. Ìyókù wọ abẹ́ kàlẹ́ńdà ìrántí olóògbé ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́ ògiri. Tíṣà kò gbójú sókè wo ìyá yìí nígbà tó wà láyé; ṣé ìsinsìnyí ni yóò wá di etí aṣọ rẹ̀ mú nínú àwòrán?

Kò tiẹ̀ pọn dandan. Ta ni kò mọ ohun tó tẹ̀ lé ẹ̀fà? Ó fi èje kún un. Fóònù kò gbà. Ó fi èje àti ẹ̀jọ kún un. Fóònù ní irọ́ ni. Irọ́ kẹ̀? Ó tún un kà láti orí ení, ó ń fi ìka kà á bí ọmọ jẹ́léósinmi. Àbí wọ́n ti yí èje padà lẹ́yìn tí òun fẹ̀yìn tì ni?

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ yọ láti ilé ìdáná.

“Bàbá Gbénró, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni màmá mi ṣẹ̀ tí ẹ ń kà sí wọn lọ́rùn?”

“Nọ́ńbà ló wà lábẹ́ wọn.”

“Ẹ ò wá gbé wọn sókè?”

“Àna mi ni wọ́n!”

Ìyá Gbénró pòṣé. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, “Màmá, ẹ má bínú,” ó dìde, ó gbé kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn ẹ̀fà, ẹ̀sán mẹ́rin tò gbọọrọ.

“Ta ló ń ka nọ́ńbà báyìí?” ni Tíṣà ń sọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Fóònù gbà. Àwòrán yọ: baba ìyàwó Gbénró ti di gbohùngbohùn mú, ó ń wú ikọ́.

Tíṣà ti kọ orúkọ tó fẹ́ pè sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé ò sí nítòsí. Ojú ìyá inú kàlẹ́ńdà ló bá pàdé.

“Yéwándé!” ló ké, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. “Yéwándé lorúkọ rẹ̀!”

Ìyá Gbénró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi kàlẹ́ńdà bojú.

Bí ẹnì kan bá ní òwe yìí ti wà kí wáífáì tó dáyé, ẹ ní kó wá wo ara ògiri. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.